Láti ọjà mọ́tò dé òpópónà Rustaveli: ọjọ́ mẹ́jọ mi ní Jọ́jíà

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún 2025

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀ nígbà tí bàálù wa balẹ̀ sí Tbilisi, olú ìlú Jọ́jíà, orílẹ̀-èdè tó bá Rọ́ṣíà pààlà. Ní Èkó, aago méjìlá ni wọ́n ṣì wà. Àbúrò mi obìnrin ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó di búrẹ́dì gígùn kan mú, tí orí àti ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ọkọ̀ apẹja, ooru ṣì wà lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín èrò. Àwọn awakọ̀ takisí tó ń du oníbàárà dákẹ́ lójijì, wọ́n ń wò wá. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà níhìn-ín. Èmi ni mò ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, n kò sì fojú kan ibẹ̀ rí.

Ìdí méjì ni mo fi rin ìrìn yìí. Òun ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé páàtì ọkọ̀ ni mò ń tà ní Ládípọ̀, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé ti ń ráhùn sí mi létí pé àwọn ará Jọ́jíà kan ń bá àwọn du ọkọ̀ ní ọjà gbàǹjo Amẹ́ríkà. Mo lọ wádìí. Ní 2023, mọ́tò tí Jọ́jíà tà sí òkèèrè lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọjà tó jáde nílùú wọn lọ́dún náà. Wọn kì í rọ mọ́tò níbẹ̀. Iye èèyàn wọn kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Mo ní ojú ara mi ni màá fi rí i.

Àjà kẹjọ ni àbúrò mi ń gbé, nínú ilé gogoro kan tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́, nígbà tí Jọ́jíà wà lábẹ́ Mọ́sìkò, olú ìlú Rọ́ṣíà. Inú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ni mo ti kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀: àpótí irin kékeré kan wà lára ògiri rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹyọ owó 20 tetri sí i kó tó gbéra. Ọgọ́rùn-ún tetri ló ń jẹ́ lari kan. Bí lari méjì àti tetri àádọ́rin ni dọ́là kan.

Ìyá onílé ti jí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, olùkọ́ físíìsì ni wọ́n nígbà ayé Sófíẹ́ẹ̀tì. Ní èdè wọn, "mama" ni bàbá, "deda" ni ìyá. Deda ni àbúrò mi ń pè wọ́n, Deda náà ni mo bá a pè wọ́n. Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n sì bu ẹ̀wà tí wọ́n sè nínú ìkòkò amọ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá. Lónìí ọjọ́ ìsinmi ni fún gbogbo ìlú, ọjọ́ Ańdérù mímọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló sì jí mi ní ọ̀sán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún

Ìwé kan wà tí àbúrò mi fẹ́ gbà nítorí ibi tó ń gbé, a sì jọ lọ sí ilé ńlá ìjọba kan létí odò Mtkvari. Òrùlé rẹ̀ funfun, ó rí bí olú tó hù sórí ara wọn. Ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà, ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun, abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti ń gba gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi fa nọ́ńbà lẹ́nu ẹ̀rọ, a jókòó. Wọ́n pè é kí n tó mu omi inú ìgò mi tán. Ọmọbìnrin tó dá a lóhùn ya fọ́tò rẹ̀, ó tẹ nǹkan díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì sọ ọjọ́ tó máa wá gbà á. Kò sí ẹni tó ní kí a "wá nǹkan fún àwọn ọmọ". Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ṣe tán, mò ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń yí. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi tẹ̀lé ìwé kan ṣoṣo kiri nílé. Inú mi dùn, ó sì tún bà jẹ́.

Nígbà tí a délé, mo sọ ọ́ fún Deda. Wọ́n mi orí, wọ́n sì ní kí n jókòó, kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ń túmọ̀, tiì ń tutù.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 1991 ni Jọ́jíà kéde pé àwọn kúrò lábẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjì gééré ṣáájú, lọ́jọ́ kan náà, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì ti kọlu àwọn tó ń wọ́de ní òpópónà Rustaveli, èèyàn mọ́kànlélógún ló kú. Zviad Gamsakhurdia ni ààrẹ àkọ́kọ́. Kò lo ọdún kan tán tí ogun abẹ́lé fi bẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà yẹn kan náà, wọ́n lé e lọ ní oṣù Kìíní 1992. Agbègbè méjì ya kúrò lára Jọ́jíà: Abkhazia ya, South Ossetia ya. Òkùnkùn wá bo Tbilisi: iná mànàmáná lè wá fún wákàtí kan lóòjọ́, ó sì lè má wá. Deda ń fi kẹrosíìnì dáná nínú ilé yìí gan-an, àwọn àti ọkọ wọn ń pín òru sí méjì láti tò fún búrẹ́dì. Owó tí ìjọba ń tẹ̀ nígbà náà, kuponi, ń jẹrà lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí lari dé ní 1995, mílíọ̀nù kan kuponi ni wọ́n fi ń pààrọ̀ lari kan. Deda gbé àkójọ kuponi kan jáde láti inú ìwé físíìsì wọn. Ìwé pélébé pélébé, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí. Owó oṣù ni, wọ́n ní, owó oṣù olùkọ́, kò ra ẹyin mẹ́wàá.

Eduard Shevardnadze, tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Sófíẹ́ẹ̀tì, ló gba ìjọba lẹ́yìn ìyẹn, rìbá sì gba ìlú kan. Ní oṣù Kọkànlá 2003, lẹ́yìn ìdìbò tí wọ́n fèrú sí, àwọn èèyàn fi òdòdó róòsì lọ́wọ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Shevardnadze fi ipò sílẹ̀, Mikheil Saakashvili sì dé. Ó lé àwọn ọlọ́pàá ojú pópó dànù lódindi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ó gba àwọn ọ̀dọ́ tuntun, ó kọ́ àgọ́ ọlọ́pàá onígíláàsì kí ará ìta lè máa rí inú. Ó dín oríṣi owó orí kù sí mẹ́fà. Iná kò ṣẹ́ mọ́. Ìwé ìjọba wá ń yá.

"Ẹ ò rí i pé ó ṣe dáadáa," mo ní.

Deda ní ó ṣe dáadáa. Wọ́n tún ní ní oṣù Kẹsàn-án 2012, fídíò jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nípa bí wọ́n ṣe ń lu àwọn ẹlẹ́wọ̀n, tí wọ́n ń fi ìyà tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ jẹ wọ́n, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan nínú ìlú yìí. Ìjọba kan náà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò yọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìjọba.

Ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, Deda wọ kóòtù wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn ká lọ. A wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, lari kan lórí èèyàn kan, àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ gbé wa wọ ilẹ̀ títí etí mi fi dí. Ní iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn èèyàn ti ń péjọ: akẹ́kọ̀ọ́, àgbàlagbà, obìnrin kan pẹ̀lú ajá rẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù mọ́ èjìká bí ẹni pọnmọ. Alẹ́ kẹtàdínláàádọ́sàn-án nìyí, wọn kò fo ọ̀kan.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ìdìbò 26 oṣù Kẹwàá 2024, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, Georgian Dream, kéde pé àwọn ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn alátakò ní èrú ni. Ní 28 oṣù Kọkànlá, olóòtú ìjọba Irakli Kobakhidze kéde pé ìjíròrò láti wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù di òpin ọdún 2028, bẹ́ẹ̀ àpilẹ̀kọ 78 nínú òfin ilẹ̀ wọn sọ pé kí gbogbo ẹ̀ka ìjọba sa ipá rẹ̀ láti wọ àjọ náà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n jáde. Àwọn ọlọ́pàá da omi lù wọ́n, wọ́n fi gáàsì tajú-tajú lé wọn, wọ́n lu ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àbúrò mi kò kọjá etí títì. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló ní, mo sì kìlọ̀ fún un. Èmi náà dúró tì í.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

Rustavi kò tó wákàtí kan sí Tbilisi. Ìlú irin ni. Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì ló kọ́ ọ nítorí ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin, ilé gbọọrọ-gbọọrọ aláwọ̀ eérú sì kún ibẹ̀. Ọjà mọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Mo ti rí ọjà mọ́tò láyé mi, mo mọ Bẹ́ńgà, mo mọ Kútọnu, ṣùgbọ́n èyí ga. Pápá gbalasa, mọ́tò tò lọ tò bọ̀ títí tí wọ́n fi dà bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú mi: Prius, Camry, Lexus, Hyundai, àwọn ọkọ̀ oníbátìrì pàápàá.

Mo lọ tààrà sí Camry 2018 kan. Iwájú rẹ̀ ti wó. Lára gíláàsì iwájú, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ọlọ́ràá pupa rúsúrúsú kọ nọ́ńbà gbàǹjo sí i, irú ìkọ̀wé tí mò ń nù kúrò lára gíláàsì láti ọdún kẹtàdínlógún sẹ́yìn ní Ládípọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Nínú àpò ilẹ̀kùn, ìwé pélébé ilé epo kan wà níbẹ̀ láti Texas, dọ́là 31 àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Ẹni tó ra epo yẹn lè má mọ̀ pé Jọ́jíà wà láyé. Ọkọ̀ rẹ̀ dé èbúté Poti nínú kọ̀ǹténà, wọ́n gbé e wá síbí, wọn óò nà án, wọn óò kùn ún, á sì di ti ẹnìkan ní Kyrgyzstan kí oṣù tó tán.

Ọkùnrin tó ni ín bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ará iṣẹ́ ni mí, ó fà mí wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ṣàlàyé bí eré ṣe ń lọ. Ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá, ilé-iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà á tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Copart tàbí IAAI. Owó iṣẹ́ àwọn tó ń na irin kò wọ́n ní Jọ́jíà. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì tà á fún Azerbaijan, Armenia, Kazakhstan, Kyrgyzstan. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní 2022, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò Yúróòpù àti Japan kúrò ní Rọ́ṣíà, gbogbo ọkọ̀ tó bá lè dé Mọ́sìkò di ọjà tí wọ́n ń wá kiri. Láti 2023, Jọ́jíà fòfin de kíkó ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà kọjá lọ sí Rọ́ṣíà àti Belarus. Mo bi í bóyá àwọn tó ń lọ sí Kyrgyzstan ń dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Ó wo mọ́tò, ó wò mí. "Èmi, ibi tí ìwé mi bá kọ ni mo tà á sí," ó ní.

Ohun tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni ilé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà. Olùrà àti olùtà jọ wọlé, wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, wọ́n sanwó, ìwé ọkọ̀ ti yí padà, nọ́ńbà tuntun ti jáde. Mo fi aago mi wò ó fún ọkùnrin kan láti Kazakhstan: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Mo ro iye ọjọ́ tí oníbàárà mi ń lò ní Àpápá. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni Jọ́jíà ń tà gan-an, màá ní kì í ṣe mọ́tò. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún yẹn ni wọ́n ń tà.

Mo bi ọkùnrin oní-Camry nípa ìwọ́de. Ojú rẹ̀ yí. Ó ní òun dìbò fún Georgian Dream, òun óò sì tún dì í. Ní oṣù Kẹjọ 2008, nígbà tí Rọ́ṣíà já bọ́ǹbù lu Jọ́jíà, ẹ̀gbọ́n òun wà ní ìlú Gori. "Wọ́n ń sọ Yúróòpù, Yúróòpù. Ta ni yóò bá wa jà? Ẹ wo Ukraine." Kò pariwo. Ó ń fi ọwọ́ pa ìwájú ọkọ̀ tó wó yẹn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò lè sọ pé ó ń purọ́.

Nígbà tí mo padà délé tí mo ń ròyìn ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, Deda dìde láìsọ nǹkan, wọ́n mú àpòòwé kan wá láti abẹ́ rédíò. Owó ìtanràn ni: 5,000 lari, nítorí pé wọ́n dúró lójú títì ní Rustaveli lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tó 500 lari lóṣù. Fọ́tò wà lára ìwé náà, ojú wọn nìyẹn kedere, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹnìkan. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó dá wọn dúró, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní orúkọ. Kámẹ́rà tó wà lórí òpó ló rí ojú wọn, kọ̀ǹpútà sì mọ ẹni tó ni ojú. Òfin ti ka ìbòjú léèwọ̀ níbi ìwọ́de. Deda fi ìka tọ́ka sí fọ́tò: "Ilé olórùlé bí olú tí inú rẹ dùn sí lánàá, ibẹ̀ ni mo ti ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Oorun kò tètè kùn mí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yin irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tán.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Òjò ń rọ̀. Àbúrò mi lọ sí kíláàsì. Mo jókòó ti Deda nílé ìdáná, wọ́n ń fi ìwé ilé hàn mí. Ní 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Rọ́ṣíà sá wá sí Tbilisi nítorí ogun, iye wọn lé ní 100,000, owó ilé sì fò sókè lóṣù díẹ̀. Àwọn onílé kan lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde kí wọ́n lè gba ẹni tó ní dọ́là. Deda kò lé àbúrò mi. Wọn kò fi ẹyọ lari kan kún owó rẹ̀, n kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àbúrò mi kò sọ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ onípákó yẹn. Wọn kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀.

Ọrọ̀ ajé wọn ń dàgbà kíákíá: ó fi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún gbòòrò ní 2024. Owó àwọn tó sá wá, owó tí ọmọ wọn ń fi ránṣẹ́ láti Ítálì àti Jámánì, mọ́tò, wáìnì, àwọn arìnrìn-àjò. Ọmọkùnrin Deda wà ní Pọ́láńdì, ó ń wa ọkọ̀ ẹrù.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún

Gori, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní marshrutka, ẹ̀gbọ́n dáńfó wa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Stalin, tó ṣàkóso Sófíẹ́ẹ̀tì. Ilé tí wọ́n bí i sí ṣì wà, òrùlé òkúta ńlá kan ṣíji bò ó. Wọ́n ti gbé ère rẹ̀ kúrò ní gbàgede ìlú ní 2010, ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ṣì ń gbàlejò. N kò pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí mo wá wò wà lójú ọ̀nà. Awakọ̀ nawọ́ sí ìhà àríwá: oko ápù, abúlé kan, òrùlé díẹ̀, òkè. Níbẹ̀ ni South Ossetia bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ló wà níbẹ̀. Pẹ̀lú Abkhazia, ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ Jọ́jíà kò sí lọ́wọ́ Jọ́jíà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹrù láti Òkun Dúdú ń gbà lọ sí Baku, olú ìlú Azerbaijan, kọjá níwájú ìbọn wọn. Mo rántí ọwọ́ ọkùnrin Rustavi lórí ìwájú ọkọ̀ yẹn.

Ó tún wà nípa iná. Odi tí wọ́n fi sé odò Enguri, gíga rẹ̀ tó mítà 271, ọwọ́ Jọ́jíà ló wà. Ilé tí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná wà, inú Abkhazia ni, omi ń gba inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kìlómítà 15 lọ bá a. Ogun, ìkórìíra, láìsí àjọṣe ìjọba kankan, síbẹ̀ wọ́n ń pín iná náà láti ọdún pípẹ́, nítorí ẹni tó bá yọwọ́, òun náà yóò jókòó sínú òkùnkùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi gba àyè, a jọ lọ sí etí òkun. Ìsinmi ìjọba tún ni, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjẹ́mímọ́ ìdílé lọ́dún tó kọjá; a rí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwòrán ẹni mímọ́ ní òwúrọ̀ kí a tó wọkọ̀. Lórí òkè Rikoti, títì tuntun ń gba inú òkè wọlé, ó ń gba orí afárá jáde, ihò kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ló kọ́ ọ, owó tí Jọ́jíà yá lọ́wọ́ àwọn báǹkì ìdàgbàsókè ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ọkùnrin kan wọlé lọ́nà, ó jókòó tì wá. Ará Chiatura ni, awakùsà. Mo bẹ àbúrò mi pé kó túmọ̀. Manganese ni wọ́n ń wà ní Chiatura, òun ni wọ́n ń pò mọ́ irin kó lè le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí ìdajì manganese gbogbo ayé ibẹ̀ ló ti ń jáde. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì na ọkọ̀ orí okùn láti òkè dé òkè fún àwọn awakùsà, kí wọ́n má bàa fi àkókò ṣòfò lórí ìrìn. Ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀ ti dúró báyìí. Láti ìgbà òtútù ni wọ́n ti ń bá ilé-iṣẹ́ fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, àwọn kan fi ebi pa ara wọn. Ní ìparí oṣù tó kọjá, wọ́n mú mẹ́rin nínú àwọn tó ń ṣáájú wọn. Ọkùnrin yìí ń lọ sí Batumi láti lọ ru bíríkì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn wá. Dúdú ti wọ inú ìlà ọwọ́ rẹ̀, ọṣẹ kò lè yọ ọ́ mọ́. Tbilisi ń sọ̀rọ̀ Yúróòpù, ó ní, kò sẹ́ni tó wá sí Chiatura.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ lọ, nítorí òtítọ́ ni mo rò pé ó jẹ́.

Poti: a kàn dúró lẹ́nu ọgbà èbúté. Kọ̀ǹténà lórí kọ̀ǹténà. Ní bí kìlómítà 30 sí àríwá ni Anaklia, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ èbúté tó jin. Wọ́n ti fún àwọn kan tí Amẹ́ríkà wà lára wọn nígbà kan, ìjọba fagi lé àdéhùn náà ní 2020, ní 2024 àwọn ará Ṣáínà nìkan ló ṣẹ́kù tó fi owó sílẹ̀. Jọ́jíà àti Ṣáínà ti di alábàáṣepọ̀ láti 2023.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún

Batumi. Ilé gogoro etí òkun, tẹ́tẹ́ ní gbogbo igun, àwọn ará Tọ́kì tí ìjọba wọn ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀ ń kọjá ibodè wá ta á. N kò fẹ́ràn ibẹ̀, mo fẹ́ràn èbúté rẹ̀ àtijọ́. Ibí ni epo Baku ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ìdílé olówó Nobel àti Rothschild ń du ú. Epo Baku tó pọ̀ jù ń gba inú ọ̀pá kìlómítà 1,768 kọjá Tbilisi lọ sí Ceyhan ní Tọ́kì báyìí, láti 2006. Jọ́jíà kò ní epo tirẹ̀ tó tó nǹkan, owó ọ̀nà ló ń gbà.

Ìlú yìí náà ni wọ́n ti mú Mzia Amaglobeli ní oṣù Kìíní, obìnrin tó dá ìwé ìròyìn Batumelebi sílẹ̀. Ó gbá ọ̀gá ọlọ́pàá létí níbi ìwọ́de. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin sí méje. Àtìmọ́lé ló ṣì wà lọ́jọ́ tí mo kọ èyí. A rìn kọjá ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára òpó iná, ẹnìkan ti ya ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa padà sí Tbilisi. Ó lé ní wákàtí márùn-ún.

Deda ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ de mi láti ọ̀sán. Àwọn aládùúgbò méjì wá, ọkùnrin àgbà kan sì di olórí tábìlì. Tamada ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mu ọtí láìjẹ́ pé ó ti sọ ẹni tí a ń mu ún fún. Àwọn tó ti kú ló pè ní ìkẹta. Gbogbo wa dìde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dárúkọ bàbá wa, mo kí i ní oríkì díẹ̀, mo da ọtí díẹ̀ sórí búrẹ́dì bí wọ́n ṣe ń ṣe. Àbúrò mi sunkún. Ọkùnrin àgbà náà di èjìká mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí mo fi jókòó.

Wáìnì náà láti inú ìkòkò amọ̀ ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì láti bí 8,000 ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ní àjàrà ní Kakheti. Ní 2006, Rọ́ṣíà dédé ti ilẹ̀kùn mọ́ wáìnì Jọ́jíà, ó ní kò dára fún ìlera. Ọtí rẹ̀ ọdún yẹn kò rí ẹni rà á. Ọdún méje ni wọ́n fi wá oníbàárà mìíràn kiri ayé, wọ́n sì rí i. Nígbà tí Rọ́ṣíà ṣílẹ̀kùn ní 2013, gbogbo wọn tún sáré padà, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wáìnì wọn sì ń lọ síbẹ̀ báyìí. "Mo mọ̀ pé wọ́n lè tún tì í lọ́la," ó ní, "ṣùgbọ́n àwọn ló ń sanwó lónìí." Ó sì wà ní Rustaveli lálẹ́ àná.

Bàbá olówó tí ẹnu gbogbo wọn kò kúrò lára rẹ̀ ni Bidzina Ivanishvili, tó rí ọrọ̀ rẹ̀ ní Rọ́ṣíà, tó dá Georgian Dream sílẹ̀ ní 2012. Ilé onígíláàsì rẹ̀ wà lórí òkè, ó ń wo gbogbo ìlú nílẹ̀. A ń rí i láti ojú fèrèsé yìí. Amẹ́ríkà fìyà owó jẹ ẹ́ ní oṣù Kejìlá. Ààrẹ tí wọ́n yàn ní oṣù yẹn kan náà, Mikheil Kavelashvili, bọ́ọ̀lù ló ń gbá tẹ́lẹ̀, ó gbá a fún Manchester City. Òun nìkan ló dupò.

Mo bi àbúrò mi bóyá kó wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ síbòmíràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ níbí. Ọdún méjì ló kù." Mo ti rò ó. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ wọn dára, ìlú náà kò léwu fún un bí ó bá dúró létí títì. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ní kó ṣe nígbà tí mo bá ní kó dúró létí títì, òun náà mọ̀ ọ́n.

Aago mẹ́rin ìdájí ni bàálù mi. Ní aago méje alẹ́, àwọn àlejò ti lọ, Deda jókòó síwájú díńgí. Wọ́n tún irun wọn ṣe, wọ́n sì kun ètè wọn ní pupa. Àbúrò mi bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ síbi ìwọ́de.

Wọ́n ní bí kámẹ́rà bá máa ya àwọn, kó ya àwọn dáadáa.

Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n sì fi ẹnu kò mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. A dúró lójú fèrèsé àjà kẹjọ, a ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọdá sí ẹnu ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n.